Ọ̀rọ̀ Ìlú Kọ̀ọ̀kan Nínú Ìwé Ìtàn Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ òní kò jìnnà sí wa rárá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní Marine Beach yìí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbàtí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ń rọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ wọn, tí àwọn ìyá wa sì ń gbé ẹja àti ẹ̀kọ bọ̀ láti Ajégúnlẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ oríṣi Yorùbá márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ará Ìlàjẹ ń sọ tirẹ̀, ará Ìjẹ̀bú ń sọ tirẹ̀, ará Ìbàdàn ń sọ tirẹ̀, ará Èkìtì sì ń sọ tirẹ̀. Wọ́n ń ná ọjà, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń bá ara wọn ṣe àwàdà, kò sì sí ẹni tí ó ní òun kò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì wí. Ṣùgbọ́n bí a bá kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí kan náà jọ sí iwájú ìwé ìtàn àròsọ kan, tí ọ̀rọ̀ ìlú tí kì í ṣe tiwọn bá yọ sí wọn lójú ìwé kẹta tàbí ìkẹrin, wọn a pa ìwé náà dé, wọn a sì wí pé, "Yorùbá yìí ti le jù." Kí ni ó fà á tí etí wa fi lè gbà ní ọjà ohun tí ojú wa kọ̀ nínú ìwé?

Ìbéèrè yìí kò kéré. Ẹni tí ó pa ìwé dé nítorí ọ̀rọ̀ kan ti pàdánù gbogbo ìtàn tí ó wà lẹ́hìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí a sì fi èdè ìlú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà níwájú ìwé, òun pẹ̀lú lè pa ẹnu rẹ̀ dé títí, kí ọ̀rọ̀ tí àwọn baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ sì bá a wọ ibojì. Àwa tìkára wa ti jẹ̀bi ní ọ̀nà yìí, a ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ kí a tó parí.

A ó pín ọ̀rọ̀ wa sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní àkọ́kọ́, a ó rí bí èdè ìwé wa ti di ọ̀kan. Ní èkejì, a ó rí bí ọ̀rọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ti padà wọ inú ìwé. Ní ẹ̀kẹta, a ó sọ bí òǹkàwé ti lè mọ ìtumọ̀ wọn. Ní ẹ̀kẹrin, a ó sọ ohun tí ó tọ́ kí ìjọ ṣe.

I. Bí Èdè Ìwé Wa Ti Di Ọ̀kan

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, a sì kó ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lẹ́rú lọ sí etí òkun. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ lójú omi, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, ará Ẹ̀gbá, ará Ìjẹ̀ṣà, ará Ìjẹ̀bú àti ará Yàgbà ti di aládùúgbò ara wọn láì rò tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ó wà ní ìlú náà pe gbogbo wọn ní Aku, nítorí bí wọ́n ti ń kí ara wọn ní gbogbo ìgbà: ẹ kú èyí, ẹ kú èyíinì. Orúkọ Yorùbá tìkára rẹ̀ kò tíì di ti gbogbo wa nígbà náà. Ará Ọ̀yọ́ ni a ń fi í pè.

Nínú àwọn tí a dá nídè ni Samuel Ajayi Crowther wà. Ọ̀ṣoògùn ni a bí i sí. A kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, a sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822. Ní ọdún 1843 ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní oṣù Kínní ọdún 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, ẹnu sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó wá gbọ́ ọ. Ní ọdún 1852 ó tún tẹ ìwé òfin èdè àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ní ọdún 1854 ni Koelle, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún C.M.S. ní Freetown, tẹ ìwé ńlá kan nínú èyí tí ó to ọ̀rọ̀ èdè tí ó ju 100 lọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ó ti gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn tí a dá nídè. Lábẹ́ Aku, kò kọ èdè kan ṣoṣo. Ó ya Ọ̀tà sọ́tọ̀, ó ya Ẹ̀gbá sọ́tọ̀, ó ya Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Oǹdó sọ́tọ̀, ó sì fi Ìtsẹ̀kírì pẹ̀lú wọn. Nítorínáà, láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ èdè wa ni a ti mọ̀ pé igi kan ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ̀ka-èdè.

Èwo nínú àwọn ẹ̀ka náà ni a ó wá fi túmọ̀ Ìwé Mímọ́? Bí a bá tẹ Bíbélì kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan, owó kò ní tó, ọwọ́ kò sì ní ká a. Èdè Ọ̀yọ́ ni a fi ṣe ìpìlẹ̀, nítorí òun ni Crowther gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, àti nítorí àwọn tí ó ń sọ ọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ ìhìnrere kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ jù sí, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá Crowther túmọ̀, Thomas King, sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá. Abẹ́òkúta kan náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní ọdún 1859. Báyìí ni ohùn Ẹ̀gbá àti ti Èkó ṣe dà mọ́ ti Ọ̀yọ́. Ní oṣù Kínní ọdún 1875 a pe ìpàdé kan ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà sílẹ̀, nígbàtí ó sì di ọdún 1884, odindi Bíbélì jáde.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èdè tí ó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe ti ìlú kan pátápátá. A kò lè rí ìlú kan tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá inú Bíbélì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ilé kan ni ó jẹ́ tí a fi igi ìlú méjì tàbí mẹ́ta kọ́, tí a sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Oore ńlá ni ó ṣe wá. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni ọmọ Ọ̀wọ̀ fi lè kọ lẹ́tà sí ọmọ Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n oore náà ní ìyọnu tirẹ̀: nígbàtí a bá ti ń pe èdè kan ní Yorùbá dáradára ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìsìn, kì í pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé Yorùbá burúkú ni èyí tí ó kù.

II. Bí Ọ̀rọ̀ Ìlú Ti Padà Wọ Inú Ìwé

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ilẹ̀ Ítálì kún fún èdè ìlú kọ̀ọ̀kan, ní ọdún 1861 ni ó sì tó di ìjọba kan. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Alessandro Manzoni, ará Milan. Ó kọ ìtàn àròsọ ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 1827. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí èdè tí ó fi kọ ọ́. Ó lọ sí Florence láti gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó tún gbogbo ìwé náà kọ gẹ́gẹ́bí èdè Florence, ó sì tún un tẹ̀ láàrin ọdún 1840 sí 1842. Ohun tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún wa ni Manzoni ṣe fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ èdè ìlú kò kú ní Ítálì. Ní ọdún 1881, Giovanni Verga, ọmọ erékùṣù Sicily, tẹ ìtàn àwọn apẹja erékùṣù náà jáde, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn Sicily nínú rẹ̀. Láti ọdún 1994 ni Andrea Camilleri, ọmọ erékùṣù kan náà, ẹni tí ó kú ní ọdún 2019, ti ń tẹ ìtàn ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Montalbano, tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ Sicily há inú èdè ìwé bí ẹni fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ará Milan kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kà á lọ, nígbàtí yóò bá sì ka ìwé kejì, ọ̀rọ̀ náà ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìwé ìròhìn Akéde Èkó ti Isaac B. Thomas ni ó gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde ní ọdún 1929 sí 1930. Yorùbá Èkó ni ó fi kọ ọ́, tòun ti òwe, orin, àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará ìlú ti sọ di tiwọn. Ní ọdún 1938, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fagunwa kọ. Òkè-Igbó ni a bí Fagunwa sí, níbi tí ọ̀nà Ifẹ̀ àti ti Oǹdó ti pàdé, St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ni ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Èdè Bíbélì àti ti ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì kà á. L'ẹ́hìn rẹ̀ ni àwọn tí ó jẹ́ kí ohùn ìlú kan pàtó dún ketekete wá dé. Ní ọdún 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́, tẹ Àjà Ló Lẹrù, ìtàn Lápàdé tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí; ẹni tí ó bá kà á gbọ́ ohùn Ọ̀yọ́ àti ti Ìbàdàn lẹ́nu àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Adébáyọ̀ Fálétí tẹ Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tí òun pẹ̀lú kún fún èdè Ọ̀yọ́ ìjinlẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé òǹkọ̀wé ń fi ọ̀rọ̀ ìlú yọ òǹkàwé lẹ́nu lásán. Ó ní ohun tí ó ń wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà Òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà ni a fi ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń tà láwìn kiri ìlú gbogbo. A ní inú gbólóhùn tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde: pé òṣó ni àwọn ó ló síbẹ̀ títí àwọn ó fi gba owó àwọn. Bí òǹkọ̀wé bá pe ẹni yìí ní oníṣòwò aṣọ, òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá pè é ní Òṣómàáló, òǹkàwé rí ọkùnrin náà tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó rí ìgbèsè náà, ó sì rí ìtìjú ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti gbé ìtàn kan wá. Èyí ni èrè tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ìlú, òun sì ni ẹni tí ó pa ìwé dé ń pàdánù.

III. Bí A Ó Ti Mọ Ìtumọ̀ Wọn

Ní ọdún 1967 ni Abíọ́dún Adétúgbọ̀ parí iṣẹ́ ìwádìí kan nínú èyí tí ó pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sí agbègbè mẹ́ta. Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn ni Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Ẹ̀gbá àti Èkó wà. Àárín gbùngbùn ni Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà. Gúúsù-Ìlà-Oòrùn ni Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú wà. Ẹni tí ó bá fi mẹ́ta yìí sí ọkàn ti ní àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá fi ohun márùn-ún kún un.

Ìkíní: kí a má ṣe pe akọtọ́ àtijọ́ ní èdè ìlú. Nínú àwọn ìwé tí a tẹ̀ kí ìjọba tó fi ọwọ́ sí akọtọ́ tuntun ní ọdún 1974, a ó rí "aiye," a ó rí "enia," a ó rí "nwọn," a ó rí "ẹiyẹ." Ayé, ènìyàn, wọn àti ẹyẹ náà ni. Ọ̀nà ìkọ̀wé ni ó yí padà. Ọ̀rọ̀ kò yí padà.

Èkejì: kí a fi etí sí ìró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Àwọn Onídàájọ́ ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìwọ́dò Jọ́dánì ní ọjọ́ Jẹ́ftà. Àwọn ará Gíléádì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìró ṣ ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ará Éfúráímù kò lè pe ṣ, s ni wọ́n ń pè, ìyàtọ̀ kékeré yìí sì ni a fi mọ̀ wọ́n tí a fi pa 42,000 nínú wọn. Ẹ̀yin ará, ìyàtọ̀ kan náà wà láàrin wa. Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń pe iṣu ní "isu," wọ́n sì ń pe iṣẹ́ ní "isẹ́." Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnìkan nínú ìtàn, kò ṣì í kọ, ó fẹ́ kí o mọ ibi tí ẹni náà ti wá ni. Ní etí Jọ́dánì, ikú ni ìyàtọ̀ yìí jásí. Nínú ìwé, ìmọ̀ ni ó yẹ kí ó jásí.

Ìró kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni èyí tí a ń kọ ní gh. Ó wọ́pọ̀ ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, èdè ìwé kò sì ní in. Àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú wọn ní Ọ̀ghọ̀. Ọwọ́ di "ọghọ́," owó sì di "eghó" lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará agbègbè náà. Bí o bá pàdé gh nínú ìwé, fi w sí ipò rẹ̀, kí o sì pe ọ̀rọ̀ náà sókè. Nígbà púpọ̀ yóò fi ara rẹ̀ hàn fún ọ.

Ìró kẹta ni u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nínú Yorùbá ti ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó fi u bẹ̀rẹ̀. Nítorínáà bí o bá rí ọ̀kan, mọ̀ pé àlejò ni láti àárín gbùngbùn tàbí láti ìlà-oòrùn. Fi i rọ́pò u náà. Ulé ni ilé, ùlú ni ìlú, ugbá ni igbá, Ufẹ̀ sì ni Ifẹ̀.

Ẹ̀kẹta: kí a mọ irú ohun tí ń ní orúkọ púpọ̀. Àwọn ohun tí ó ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀, bí orí, ojú, etí àti ẹnu, orúkọ wọn kò jìnnà sí ara wọn ní ìlú gbogbo. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pẹ́ kí ó tó dé, ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó sọ ọ́ ní orúkọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn Potogí ni ó kó o wá sí etí òkun wa. Ìdí nìyí tí ẹnìkan fi ń pè é ní ẹ̀gẹ́, tí ẹlòmíràn ń pè é ní pákí, tí ẹlòmíràn sì ń pè é ní gbágùúdá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni àgbàdo ti wá. A ń pè é ní àgbàdo, a ń pè é ní ìgbàdo, a ń pè é ní yangan ní apá Ọ̀yọ́, a sì ń pè é ní ọkà ní ọ̀pọ̀ ìlú apá ìlà-oòrùn.

Ọ̀rọ̀ ọkà yìí ni ó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Ní Ọ̀yọ́, ọkà ni àmàlà tí a fi èlùbọ́ rò. Bàbá tí a ń gbìn ní òkè ọ̀dàn, ọkà bàbà ni. Ọkà inú Bíbélì tí àwọn ọmọ-ẹ̀hìn ya jẹ ní ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe àmàlà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àgbàdo, nítorí àgbàdo kò tíì dé ilẹ̀ Júù nígbà náà. Nínú ìwé tí a kò fi àmì ohùn sí, ejò olóró tí ń jẹ́ ọká pẹ̀lú lè wọ àárín wọn. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn? Kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a rìn. Bí wọ́n bá rò ó, tí wọ́n sì gé e ní òkèlè, àmàlà ni. Bí wọ́n bá sun ún tàbí tí wọ́n yan án, àgbàdo ni. Bí wọ́n bá pa á lẹ́nu, ọkà oko ni. Bí ó bá sì jẹ́ òun ni ó bu ẹnìkan jẹ, a kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè. Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Ẹni tí ó bá mọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹrin: kí a má ṣe fi ìwà ìlú kan dá ìlú mìíràn lẹ́jọ́. Ní Ọ̀yọ́ àti ní Èkó, "ẹ" ni ọmọ fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀; ẹni tí ó bá sọ "o" fún baba rẹ̀, ọmọ burúkú ni. Ṣùgbọ́n nínú èdè ìbílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Oǹdó, ọmọ lè bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́bí ẹnìkan ṣoṣo, kò sì sí àfojúdi nínú rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni ó fi ọ̀wọ̀ hàn. Òǹkàwé tí kò mọ èyí yóò ka ìtàn kan, yóò sì rò pé ọmọlúwàbí inú rẹ̀ jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Kò sì yẹ kí ó ṣe àjèjì sí àwa Onígbàgbọ́: nínú Bíbélì Yorùbá, "Ìwọ" ni a fi ń bá Ọlọ́run tìkára rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó pe Dáfídì ní aláfojúdi. Bákan náà ni yèyé, tí í ṣe ìyá ní Ifẹ̀, ní Ìjẹ̀ṣà àti ní Èkìtì. Ọmọ Èkó tí kò bá wo àmì dáradára yóò kà á sí yẹ̀yẹ́, yóò sì máa rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn tí ó wà nínú ìtàn ti ń sunkún ìyá wọn.

Ẹ̀karùn-ún: kí a lo ìwé atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n kí a mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èyí tí C.M.S. tẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1913 wúlò. Èyí tí R. C. Abraham tẹ̀ ní ọdún 1958 pọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè gba gbogbo ọ̀rọ̀ inú ilẹ̀ Yorùbá tán. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ó tóbi jù wà ní àdúgbò yìí, ẹsẹ̀ méjì ni ó fi ń rìn, ó sì ń ta ẹja.

IV. Ohun Tí Ó Tọ́ Kí A Ṣe

A ṣe ìlérí pé a ó jẹ́wọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ wa, ẹ̀bùn iyebíye ni Yorùbá dáradára jẹ́, a sì gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n a kò mọ ìgbà tí a fi sọ ẹ̀bùn náà di pàṣán. Nínú ẹgbẹ́ ìwé-kíkà tí a máa ń ṣe lẹ́hìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà kan, ará Ìlàjẹ, tí ó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, dìde láti ka ìtàn fún wa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó kọ́ ìwé kíkà. Ibi tí a kọ "ọmọ" sí, ó pè é ní "ọma." A dá a dúró, a sì tún un pè fún un. Ó tún kà á, ó tún pè é bí ti ìṣáájú; a tún dá a dúró. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, àwa kò sì dá wọn lẹ́kun. Ìyá náà pa ìwé dé, ó rọra jókòó. Fún odidi oṣù kan, a kò rí i mọ́.

Nígbàtí a tọ̀ ọ́ lọ sí ilé rẹ̀, a ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa." Ó ní, "Bàbá, n kò bínú. Ojú ni ó tì mí. Mo rò pé ìwé kò fẹ́ ẹnu mi ni." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá l'ára ṣinṣin. Àwa tí a ti wàásù ní àìmọye ìgbà pé a kọ Ìwé fún gbogbo ènìyàn, àwa náà ni a jẹ́ kí arúgbó kan gbàgbọ́ pé ìwé kò fẹ́ ẹnu òun.

Ó padà wá. Ní ọjọ́ kan a ń ka ìtàn kan nínú èyí tí obìnrin kan jókòó sí etí ọ̀nà, tí ó ń yan ọkà tà. Àwa tí a mọ ìwé jiyàn fún ìgbà pípẹ́. Ẹnìkan ní àmàlà ni. Ẹlòmíràn bèèrè bí a ti ń yan àmàlà. Ẹnìkan ní àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Nígbàtí ó rẹ̀ wá tán, ìyá náà gbé orí sókè, ó ní, "Àgbàdo mà ni. Ní ilé wa, ọkà ni à ń pè é." Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìwé mẹ́ta tí a gbé sórí tábìlì kò lè là fún wa, ẹni tí a fi ṣe ẹlẹ́yà ni ó là á.

Ẹ̀yin ará, ilẹ̀ tí a dúró sí yìí ti kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀ Àwórì ni Apapa. Nígbàtí ìjọba gba apá ńlá nínú rẹ̀ ní ọdún 1913 fún iṣẹ́ ìlú, Olóyè Amodu Tijani Oluwa pe ẹjọ́. Ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì dá a láre ní ọdún 1921. Ohun tí a jẹ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé àṣà ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè gbá dànù nítorí pé òfin àjèjì kò ní orúkọ fún un. Ní ọdún 1926 a parí èbúté níbi tí ọkọ̀ ńlá ti lè fara ti ilẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ènìyàn wá láti ibi gbogbo. Ìlàjẹ wá, Ìjọ wá, Urhobo wá, Ìgbò wá, Yorùbá sì wá láti ìlú gbogbo. Freetown ti Crowther tún ṣẹ̀ ní ojú wa. Ohun tí Koelle wá láti Jámánì kí ó tó gbọ́ ní Sàró, àwa ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ẹnu ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń fi Pijin bá ara wọn ṣeré ní àdúgbò, wọ́n sì ń kọ́ Yorùbá ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́. Èdè ìyá àgbà wọn ń bọ́ sílẹ̀ láàrin méjèèjì. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá ti lọ tán, ọ̀pọ̀ ojú ìwé tí a ti tẹ̀ yóò di àdììtú fún àwọn tí ó ni ín.

Nítorínáà, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe pa ìwé dé nítorí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ kà á kọjá, kí ẹ sì padà sí i, nítorí ohun tí ó wà níwájú sábà máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí ó wà lẹ́hìn. Ẹ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ tí kò yé yín sí i, kí ẹ sì bi àgbà tí ó ti ìlú náà wá léèrè, kí ẹ kọ orúkọ ìlú náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí ẹnu ẹnikẹ́ni tí ó ń kàwé.

Ọ̀rọ̀ ẹnu Pétérù ni àwọn tí ó dúró ní àgbàlá olórí àlùfáà fi mọ̀ pé ará Gálílì ni, ojú sì tì í. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Pétérù kan náà, pẹ̀lú ẹnu Gálílì kan náà, ni ó dìde wàásù. Ní ọjọ́ náà a kò sọ èdè gbogbo orílẹ̀-èdè di ọ̀kan. Olúkúlùkù ni ó gbọ́ ní èdè tirẹ̀. A fi èyí sílẹ̀ fún yín láti rò bí ẹ ti ń darí lọ sí ilé yín ní alẹ́ yìí.